Pàṣípààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù nínú FPL Draft: báwo la ṣe ń mọ èyí tó bójú mu?

AlágaLíìgì

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ojúmọ́ o. Líìgì FPL Draft ẹlẹ́ni mẹ́jọ ni tiwa (eré Fantasy Premier League tí póìǹtì rẹ̀ ń wá láti inú ohun tí agbábọ́ọ̀lù gidi ṣe lórí pápá, tí ẹni méjì kì í sì ní agbábọ́ọ̀lù kan náà nínú líìgì), ojúkojú, ẹnì kan sí ẹnì kan, la sì ń gbá a lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Èmi ni ádímíìnì, ètò wa sì ni pé ádímíìnì ló ń fọwọ́ sí pàṣípààrọ̀ tàbí kó fagi lé e. GW12 (ọ̀sẹ̀ ìdíje kejìlá) ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, èyí tó wọlé lánàá sì ti dá ariwo sílẹ̀ lórí WhatsApp.

Ẹni tó wà nípò kẹjọ fẹ́ fún ẹni tó wà nípò kejì ní agbábọ́ọ̀lù àárín kan, ẹ jẹ́ ká pè é ní A, tó ń mú póìǹtì 6.2 wá nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan, pẹ̀lú atamátàsé D tí kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé (1.1). Yóò gba agbábọ́ọ̀lù àárín B (4.6) àti atamátàsé C (4.3) padà. Mi ò dárúkọ àwọn agbábọ́ọ̀lù torí àwọn méjèèjì ń ka ibí. Agbábọ́ọ̀lù A sì wà lára àwọn tí orílẹ̀-èdè wọn ń lọ sí AFCON ní Morocco.

Àwọn kan ní olè ni, pé ẹni kejì fẹ́ já ìràwọ̀ gbà lọ́wọ́ ẹni tí nǹkan ò dán mọ́rán fún. Àwọn mìíràn ní ẹni kẹjọ gan-an ló jèrè, torí 4.6 àti 4.3 jẹ́ 8.9, nígbà tí 6.2 àti 1.1 jẹ́ 7.3 péré. Ìṣirò wo ni kí n tẹ̀ lé? Ìgbà wo ló sì yẹ kí n fagi lé irú nǹkan báyìí?

Ẹ̀gbọ́n_Waiver

Alága, ẹ kú iṣẹ́. Àròpọ̀ yẹn ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ máa ń ṣe, òun náà ló sì ń ṣini lọ́nà jù.

Ẹgbẹ́ ẹni kọ̀ọ̀kan nínú Draft kò lè ju 15 lọ, kò sì lè dín: aṣọ́lé 2, ẹ̀yìn 5, àárín 5, atamátàsé 3. Ipò tí ẹnì kan bá ti jáde ni ẹlòmíràn gbọ́dọ̀ gbà wọlé. Èèyàn ò lè fi méjì gba ẹyọ kan bó ti wù ú. Ẹni tó bá fẹ́ ìràwọ̀ nìkan ni yóò ru ẹrù tí wọ́n bá dì mọ́ ọn. Ẹrù ni D. Ẹni tó gbà á yóò jù ú sílẹ̀, yóò sì mú atamátàsé tí kò sí lọ́wọ́ ẹnì kankan. Nítorí náà, iye D kì í ṣe 1.1. Iye rẹ̀ ni ohun tí ẹni tó wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lè mú wá.

Bí ẹ ṣe máa rí iye yẹn: ẹ ṣí àwọn tó wà nílẹ̀ ní ipò náà, ẹ mú kìkì àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 4 ó kéré tán nínú 6 tó kẹ́yìn, kí ẹ wá wo ìpíndọ́gba àwọn 3 tó dára jù. Ẹ má mú ẹyọ tó ga jù nìkan, torí ẹlòmíràn lè ṣíwájú yín nínú ìtò waiver (ìtò ẹni tó ń kọ́kọ́ mú nínú àwọn tó wà nílẹ̀) kó gbé e lọ.

Iye ènìyàn inú líìgì ló ń pinnu bí ilẹ̀ ṣe máa ṣá tó. Ẹ̀yin mẹ́jọ ti kó atamátàsé 24. Ẹgbẹ́ 20 ló wà ní Premier League, ọ̀pọ̀ wọn ò sì ń lo ju atamátàsé kan lọ lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ọ̀pọ̀ àwọn tó kù nílẹ̀ jẹ́ àwọn tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú 70. Ti àárín yàtọ̀: 40 lẹ ti kó, síbẹ̀ ẹ ṣì lè rí ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Aṣọ́lé ńkọ́? 16 lẹ kó nínú 20 tó ń ṣọ́ ilé fún ẹgbẹ́ wọn, ó ku mẹ́rin nílẹ̀, ẹni tó bá sì fi ohun gidi gba aṣọ́lé nínú líìgì ẹlẹ́ni mẹ́jọ ń ṣòfò. Bí ẹ bá jẹ́ mẹ́wàá, gbogbo 20 ti wọ àpò, aṣọ́lé á wá di wúrà.

Ká ní atamátàsé tó wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ yín ń mú 2.4. A àti D di 6.2 + 2.4, ìyẹn 8.6, lójú 8.9. Ìyàtọ̀ 0.3. GW13 sí GW38 jẹ́ 26, nítorí náà gbogbo ariwo yẹn kò tó póìǹtì 8 títí sáà á fi parí.

Ìyá_CleanSheet

Ẹ̀gbọ́n, òótọ́ lẹ sọ, àmọ́ ó ku ibì kan. Ẹni 11 ló ń gbá bọ́ọ̀lù, ẹni tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì kì í mú póìǹtì wá àfi bí ẹnì kan kò bá jáde rárá. Nítorí náà, èmi kì í gbé agbábọ́ọ̀lù wọn ara wọn. Ẹni 11 tí ó máa ń gbé jáde ṣáájú pàṣípààrọ̀ àti ẹni 11 tí yóò gbé jáde lẹ́yìn rẹ̀ ni mò ń wọ̀n, fún ẹni kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀.

Alága, ẹ fi òǹkà tó wà nínú ẹgbẹ́ wọn rọ́pò tèmi:

Ẹni kẹjọ ń gbá 4-4-2. D ò sí nínú 11 rẹ̀. Lẹ́yìn pàṣípààrọ̀, B gba ipò A, ó sọ 1.6 nù. C wọlé, ó di 3-4-3, agbábọ́ọ̀lù ẹ̀yìn kan tó ń mú 2.9 lọ jókòó: ó jèrè 1.4. Àbọ̀ rẹ̀ ni pé ó fi 0.2 ṣòfò.

Ẹni kejì ń gbá 3-4-3. A gba ipò B, ó jèrè 1.6. C lọ, ẹni àárín tó ti ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì rẹ̀, 3.5, wọlé, ó di 3-5-2: ó sọ 0.8 nù. Èrè rẹ̀ jẹ́ 0.8.

Ẹ rí i pé èrè ẹnì kan kọ́ ni àdánù ẹnìkejì rẹ̀. Bẹ́ǹṣì tó nípọn ló ń jẹ́ kí pàṣípààrọ̀ ṣeé ṣe: ẹni kejì ní ẹni 3.5 tó ń jókòó lásán.

Wàyí o, AFCON. Láti 21 oṣù December 2025 sí 18 oṣù January 2026 ni, àwọn agbábọ́ọ̀lù á sì ti kúrò ṣáájú. Agbábọ́ọ̀lù A kò ní sí nílé láti nǹkan bí GW17 sí GW21 bí wọn bá jìnnà nínú ìdíje náà. Ó ku 21 nínú 26 tí yóò gbá. Ní GW márùn-ún yẹn, ẹlòmíràn ni yóò bọ́ sí ipò rẹ̀. Ẹ ṣọ́ra níbí o: ẹ má fi ẹni 3.5 ti ẹni kejì dí i, torí òun ti gba ipò C, a ò lè ka ènìyàn kan lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó tẹ̀ lé e lórí bẹ́ǹṣì ni, ká ní 2.5. 21 × 6.2 jẹ́ 130.2, 5 × 2.5 jẹ́ 12.5, ẹ pín 142.7 sí 26, A di 5.5.

Ẹ wá tún un ṣe. Ẹni kejì: 5.5 yọ 4.6, ó ku 0.9, ẹ yọ 0.8, èrè 0.1. Ẹni kẹjọ: ó sọ 0.9 nù, ó jèrè 1.4, èrè 0.5. "Olè" tí wọ́n ń pariwo lé lórí ò rí nǹkan kan jí. Bí orílẹ̀-èdè A bá dé ìparí, tí GW22 náà bọ́ sọ́nù, èrè ẹni kejì ti tán pátápátá.

xG_Baálẹ̀

Mo kí Ìyá wa. Gbogbo ìṣirò yìí dúró lórí 6.2, ẹ sì ní láti bi 6.2 ní ibi tó ti wá. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 12 kéré. Ẹni tó gbá góòlù 7 tí xG rẹ̀ (iye góòlù tó yẹ kó ti gbá wọlé lójú àwọn àǹfààní tó rí) jẹ́ 3.5 kò ní máa bá a lọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo máa ń ṣe: mú àlàfo láàárín góòlù àti xG, dá a sí méjì, sọ ọ́ di póìǹtì (5 fún góòlù agbábọ́ọ̀lù àárín, 4 fún ti atamátàsé, 6 fún ti ẹ̀yìn), yọ ọ́ kúrò, kí o tó tún un pín. Fún ẹni 7 sí 3.5 yẹn: ìdajì 3.5 jẹ́ 1.75, ìlọ́po 5 jẹ́ 8.75, pín in sí 12, ó lé díẹ̀ ní 0.7. 6.2 ti di 5.5. Ẹ ṣe é fún B àti C náà o, ẹ má ṣe é fún ẹnì kan ṣoṣo kí ẹ tó pe ara yín ní onídàájọ́.

Bákan náà ni kí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá òun ló ń gbá pẹnáríìtì, bóyá wọ́n máa ń yọ ọ́ ní ìṣẹ́jú 60. Agbábọ́ọ̀lù àárín tó kúrò lórí pápá kó tó di ìṣẹ́jú 60 ti pàdánù póìǹtì kan nínú 2 tó wà fún gbígbá, ó sì ti pàdánù 1 ti clean sheet (ti pé wọn ò gbá bọ́ọ̀lù wọlé ẹgbẹ́ rẹ̀).

Ohun tó ń ba ìdájọ́ àwọn ènìyàn jẹ́ jù ni orúkọ. Ẹ wo Salah: 239 ní 2022/23, 211 ní 2023/24, 344 ní 2024/25. Ẹni tó fi 344 díyelé e nínú sáà tuntun ń ra sáà tó ti kọjá. Ẹ sì rántí pé inú FPL tí gbogbo ayé ń gbá ni irú wọn ti gbayì, níbi tí kápútéènì ti ń sọ póìǹtì di ìlọ́po méjì. Kò sí kápútéènì nínú Draft. Póìǹtì 12 jẹ́ 12. Ìdí nìyí tí ìràwọ̀ kan fi rọrùn láti fi ènìyàn méjì tó ń ṣiṣẹ́ déédéé dí níbí ju bí ojú ti rò lọ.

AlágaLíìgì

Ẹ ṣeun púpọ̀. Góòlù 7 ni A ní, xG 6.1, nítorí náà 6.0 ni mo fi sílẹ̀ fún un. B àti C kò yí padà. Ó ku ìbéèrè kejì: ẹnì kan ní iṣẹ́ kan náà ni ẹni kejì àti ẹni kẹjọ ń ṣe, pé wọ́n mọra, pé kí n fi pàṣípààrọ̀ náà sí ìbò àwọn máníjà yòókù.

Agbẹjọ́rò_Líìgì

Alága, ẹ má dìbò. Àwọn mẹ́fà tó kù ń bá ẹni kejì du ife, ta ni nínú wọn tó máa gbà kó lágbára sí i? Ohun tó bá wu wọn ni wọ́n máa fagi lé, bó dára bí kò dára.

Mago-mago nìkan ni ọwọ́ ádímíìnì wà fún. Ẹni tó ṣe àṣìṣe lórí agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí àṣìṣe. Ojúlùmọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí, ẹ̀yin mẹ́jọ kúkú mọra yín. Àwọn ohun tí mo máa ń wò: ṣé wọ́n ti ṣe àdéhùn pé A á padà sílé lẹ́yìn GW kan, ìyẹn ni pé ó kàn yá a? Ṣé wọ́n máa pín owó ife? Ṣé ẹni tó ń fúnni ti jáwọ́, tí kò ti tò ẹgbẹ́ rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta? Ṣé pàṣípààrọ̀ méjì tẹ̀ lé ara wọn láàárín àwọn méjì yẹn, tí ẹnì kan ṣoṣo jèrè nínú méjèèjì?

Ẹ bi wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kì í ṣe lórí gbàgede: "Ta ni máa wọ 11 rẹ, ta ni máa jáde?" Ẹni tó mọ ohun tó ń ṣe á dáhùn ní gbólóhùn kan. Ẹni tó bá ní "ó kàn bẹ̀ mí ni", ibẹ̀ ni kí ẹ dúró sí.

Tí 11 ẹnì kan bá máa dín ju 1.5 lọ ní GW kan lẹ́yìn gbogbo àtúnṣe, ẹ bi í léèrè, ẹ má tíì fagi lé e. Tí kò bá rí àlàyé ṣe, ìgbà náà ni. Kí ẹ sì kọ ọ́ sínú òfin yín kí sáà tó bẹ̀rẹ̀ pé kò sí yíyá, àti pé pàṣípààrọ̀ ti parí ní GW30, torí lẹ́yìn ìyẹn ẹni tí kò nírètí mọ́ lè kó agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ fún àwọn tó ṣì nírètí. Òfin tí ẹ ṣe láàárín sáà, ẹni kan pàtó ni wọ́n máa sọ pé ẹ ṣe é nítorí.

AlágaLíìgì

Mo ti bi wọ́n. Àwọn méjèèjì dáhùn láì ronú. Ẹni tó ń jókòó lọ́wọ́ ẹni kejì ń mú 3.8, kì í ṣe 3.5, ẹni ẹ̀yìn tí C máa lé lọ sórí bẹ́ǹṣì ń mú 3.1. Pẹ̀lú 6.0 àti GW márùn-ún ti AFCON, A já sí 5.3. Ẹni kejì jèrè 0.2, ẹni kẹjọ 0.5. Mo ti fọwọ́ sí i.

Ẹni tó pariwo jù lórí WhatsApp ṣì ní atamátàsé kan tó ti fara pa láti GW6 nínú ẹgbẹ́ rẹ̀. Atamátàsé 2.4 tí Ẹ̀gbọ́n sọ yẹn ṣì wà nílẹ̀ o.