Áísìkirímù tó dáa láti Ìkòròdú dé Ẹ̀pẹ́ dé Ìjẹ̀bú-Òde: ibo la ti lè dúró rà á?

Ìyá Ìbejì Ìgbógbó

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o ẹ̀yin ará ilé. Ọ̀rọ̀ yìí lè jọ ọ̀rọ̀ ọmọdé lójú yín ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí i. Àbúrò mi tó ń gbé nílùú òyìnbó kó àwọn ọmọ ẹ̀ wá fún hólídè, summer ni wọ́n ń pè é lọ́hùn-ún, àwọn ọmọ yẹn ní tí wọ́n bá ń lọ sí etíkun lọ́dọọdún, kò sí ìlú tí wọ́n máa kọjá tí bàbá wọn ò ní dúró ra áísìkirímù fún wọn, wọ́n á wá fún ìkọ̀ọ̀kan ní máàkì sínú ìwé kékeré kan. Ìwé yẹn wà lọ́wọ́ wọn báyìí, wọ́n ti ṣí ojú ewé tuntun, wọ́n kọ IKORODU gàdàgbà sókè ẹ̀.

Mo ti ṣèlérí fún wọn. Sátidé tó ń bọ̀ a fẹ́ gbéra ní Sábó láàárọ̀, ká gba Ìmọ́tà àti Ìtóìkín já sí Ẹ̀pẹ́, ká ti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, ká wá gba Ṣágámù padà sílé. Ọmọ mẹ́fà, àgbàlagbà mẹ́ta, bọ́ọ̀sì kan. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé lọ́dún tó kọjá mo ra áísìkirímù fún àwọn ìbejì mi ní ṣọ́ọ̀bù kan létí títì, ó dì gbagidi o, mi ò rí nǹkan kan lára ẹ̀, àfi bí ilẹ̀ ṣe ń ṣú tí Kẹ́hìndé bẹ̀rẹ̀ sí í bì, Táíwò náà tẹ̀ lé e, mo ń po omi iyọ̀ àti ṣúgà fún wọn mu mọ́jú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ọ̀nà yẹn, ibo la lè dúró? Báwo lẹ sì ṣe ń dá èyí tó dáa mọ̀?

Àǹtí Fíríìsà

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú wọn, Olúwa á bá wa wò wọ́n. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ta áísìkirímù àti nǹkan tútù l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ níbí, owó epo jẹ́ẹ̀nì ló jẹ́ kí n fi sílẹ̀. Ẹ má béèrè orúkọ ṣọ́ọ̀bù, iná ni kẹ́ ẹ béèrè. Ibi tí fíríìsà kì í ti í kú mọ́jú ni áísìkirímù tó dáa wà, bó ti wù kí ṣọ́ọ̀bù yẹn kéré tó. Òtútù tó fẹ́ tó dígírì 18 sísàlẹ̀ òdo, kò sì lè rí i níbi tí wọ́n bá ti mú iná lọ láago mẹ́jọ alẹ́ tí oníṣọ́ọ̀bù pa jẹ́ẹ̀nì tó ti ilẹ̀kùn tó lọ sùn. Á yọ́ lóru, iná á dé láàárọ̀, á tún dì, ẹ̀yin á wá dé lọ́sàn-án ẹ á bá a gbagidi. Kòkòrò tó ti pọ̀ nínú ẹ̀ nígbà tó yọ́ kò kú o, dídì kì í pa wọ́n tán, ńṣe ni wọ́n sùn síbẹ̀, inú ọmọ ni wọ́n ti ń jí. Mo fura pé ohun tó ṣe àwọn ìbejì nìyẹn.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ ọ́n rèé. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ gbé ike náà sókè. Tí ìdérí ẹ̀ bá ń lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ó ti yọ́ rí. Tí áísìkirímù inú ẹ̀ bá ti sún kúrò lára ike, tó wọlẹ̀ lápá kan tó ga lápá kejì, ó ti yọ́ rí. Tẹ́ ẹ bá ṣí i tí yìnyín funfun bo ojú ẹ̀ nípọn, tàbí ó ń rún wómúwómú lẹ́nu, omi inú ẹ̀ ti yapa nìyẹn, ẹ má fún ọmọ jẹ. Èyí tó dáa máa ń jọ̀lọ̀. Ẹ tún fi ọwọ́ wọ̀n ọ́n, ike méjì tó tóbi bákan náà, èyí tó wúwo ni kẹ́ ẹ mú, afẹ́fẹ́ ló pọ̀ nínú èyí tó fúyẹ́. Kẹ́ ẹ sì ka ara ẹ̀, àwọn kan wà tó jẹ́ òróró ni wọ́n fi rọ́pò ọ̀rá mílíìkì, kì í ṣe pé ó burú o, ṣùgbọ́n ó yẹ kéèyàn mọ ohun tó ń rà.

Èyí tí ẹ̀rọ máa ń yí jáde sínú kóònù, ẹ béèrè ìgbà tí wọ́n fọ ẹ̀rọ yẹn gbẹ̀yìn. Ẹni tó ń fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́ ò ní ronú kó tó dá yín lóhùn.

Awakọ̀ Ìtóìkín

Àǹtí ti sọ ọ́ tán. Èmi ń na ọ̀nà yẹn ní ìgbà mẹ́ta lọ́sẹ̀, ẹ jẹ́ n sọ ti ìdúró. Ẹ ra àkọ́kọ́ ní Ìkòròdú kẹ́ ẹ tó kúrò nílùú, torí láti Ìmọ́tà lọ sí Ìtóìkín ẹ má fọkàn sí nǹkan kan, ní Ìtóìkín ẹja lẹ máa rí, ẹja tó dáa gan-an, ẹ ra díẹ̀ tẹ́ ẹ bá ní kúlà. Tẹ́ ẹ bá dé Ẹ̀pẹ́, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí etí ọ̀sà ní Marina kí wọ́n rí ọkọ̀ ojú omi, kí wọ́n dé ọjà Olúwo náà kí wọ́n wo ẹja abààyè, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ wá ibi tó ní sólà tàbí ilé epo ńlá tó ní ṣọ́ọ̀bù nínú. Mo fẹ́ràn ilé epo nítorí pé wọn ò lè ta epo láìsí iná, jẹ́ẹ̀nì wọn kì í fi bẹ́ẹ̀ sinmi.

Ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú àwọn oníkẹ̀kẹ́ Fan Milk náà o. Ilé iṣẹ́ ẹ̀ wà ní Eléyẹlé n'Íbàdàn, àwọn tó ń wa kẹ̀kẹ́ yẹn ò ní fíríìsà tó ń kú tó ń jí, inú àpótí tó ń pa òtútù mọ́ ni wọ́n ń kó o sí láàárọ̀, ẹ rà á lọ́wọ́ wọn kí oòrùn tó mú. FanYogo kì í ṣe áísìkirímù ṣá o, yógọ́ọ̀tì dídì ni, FanIce ni áísìkirímù, ẹ sọ fáwọn ọmọ kí wọ́n má bàa kọ ọ́ pọ̀.

Nǹkan kan kù. Ẹ ṣe ti Ìjẹ̀bú-Òde gbẹ̀yìn, ẹ má rà sílẹ̀ de ọ̀nà Ṣágámù, tírélà àti táńkà pọ̀ níbẹ̀, ẹ lè dúró sójú kan títí gbogbo ẹ̀ á fi domi lọ́wọ́ yín.

Ọmọ Òkè-Ẹ̀rí

Tẹ́ ẹ bá kúrò l'Ẹ́pẹ̀ẹ́ tẹ́ ẹ ti sún mọ́ Ìjẹ̀bú-Òde, ẹ yà sí Òkè-Ẹ̀rí lọ́dọ̀ wa, kí àwọn ọmọ tó ti òkè òkun dé rí ibojì Bílíkísù Súngbọ́ àti Erédò, odi àti kòtò tí àwọn baba wa wà yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, ó lé ní kìlómítà 150. Kò sí áísìkirímù níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ẹ yà.

Àgbọn Badagry

Ẹ̀yin ará Ìkòròdú, ìgbà míì ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ẹ wá wo ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó ti wà láti 1845, kẹ́ ẹ jẹ áísìkirímù àgbọn. Ìyá Ìbejì, ẹ lè ṣe é nílé láìsí fíríìsà rárá. Ẹ rin àgbọn mẹ́ta, ẹ fi omi gbígbóná díẹ̀ pò ó, ẹ fún un nínú aṣọ tó mọ́ títí igbá á fi kún fún omi ẹ̀ tó ki dáadáa. Ẹ sè é pẹ̀lú ṣúgà àti iyọ̀ bíńtín, ẹ jẹ́ kó tutù pátápátá. Ẹ dà á sínú abọ́ irin kékeré, ẹ gbé abọ́ yẹn sínú abọ́ ńlá tẹ́ ẹ kó yìnyín tí ẹ fọ́ wẹ́wẹ́ sí, ẹ wá da iyọ̀ sí yìnyín yẹn, ẹ̀kúnwọ́ kan sí yìnyín ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta. Iyọ̀ yẹn á mú kí yìnyín yọ́, bó ṣe ń yọ́ ló ń fa ooru kúrò lára abọ́ inú, òtútù ẹ̀ á wá ju ti yìnyín lásán lọ. Ẹ máa rò ó láìdúró bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ má jẹ́ kí omi iyọ̀ ta sínú ẹ̀. Ọmọ tí mílíìkì ń dà nínú rú náà lè jẹ ẹ́.

Ìyá Ìbejì Ìgbógbó

A ti dé láyọ̀, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun púpọ̀. Ti Ìkòròdú fúyẹ́ lọ́wọ́ bíi fóòmù, wọ́n fún un ní 5. L'Ẹ́pẹ̀ẹ́, ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ tá a wọ̀, Táíwò fúnra ẹ̀ ló fọwọ́ kan ìdérí tó ní "Mọ́mì, ó ń lẹ̀," mo dá a padà, inú ìyá tó ń tà á ò dùn sí mi ṣùgbọ́n mi ò lè tún rà á. Ìkejì ní sólà lórí òrùlé, ọmọkùnrin tó wà níbẹ̀ ṣí fíríìsà fún wa kí n tó béèrè, vanilla ẹ̀ jọ̀lọ̀ bí ògì tútù, 9 ló gbà. Ní Ìjẹ̀bú-Òde wọ́n ti mú iná lọ láti àná, a ò rà nǹkan kan, àbíkẹ́yìn àbúrò mi sunkún dé ojú ọ̀nà Ṣágámù. Kò sẹ́ni tínú run, gbogbo wọn sùn fọnfọn.

Àgbọn Badagry, ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń padà lọ, mo ti ra àgbọn mẹ́ta sílẹ̀.