Ìgbà wo ló yẹ kí n má yọ "who was" kúrò nínú gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń múra WAEC ni mò ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì nílé wa ní Ìlọrin níbí. Lánàá, ó kọ ọ́ pé "The woman who was robbed at Ipata came back." Ó dáa. Ó wá ní ṣé òun lè yọ "who was" kúrò? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó kọ ọ́: "The woman robbed at Ipata came back." Ó tẹjú mọ́ ìwé, ó ní, "Àǹtí, ó mà wá dà bíi pé obìnrin náà ló jalè!"

Ẹnu mi wọhò. Nínú Yorùbá, "obìnrin tí wọ́n jà lólè" àti "obìnrin tó jalè" ò lè pàdé láéláé. "Wọ́n" yẹn ti là á. Mo rí i pé "the boy taken to Ọ̀fà" kò ní wàhálà, torí "took" àti "taken" ò jọra. "Robbed", "invited", "attacked" ló ń dà mí láàmú, ojú kan náà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní, yálà ẹni náà ló ṣe é tàbí òun ni wọ́n ṣe é sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin olùkọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ṣé òfin kan wà tí mo lè fún un, àbí kó kàn máa jẹ́ kí "who was" wà níbẹ̀ nígbàkigbà tí ọ̀rọ̀ bá lè lójú méjì?