Ẹ má já ewé kúrò lára ìrúwé: èsì mi lórí "àkọ́rú"

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé.

Ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ní Toronto fi ewì kan ránṣẹ́ síbí lọ́sẹ̀ tó kọjá, ewì lórí bí yìnyín ṣe yọ́ lágbàlá wọn tí ọkàn wọn sì sọjí lẹ́yìn ìgbà òtútù tó nira. Ewì tó dáa ni, mi ò ní purọ́, ó wọ̀ mí lára níbi tí wọ́n ti ní àwọn jí láàárọ̀ àwọn ń gbọ́ omi tó ń kán látorí òrùlé. Àfi ìgbà tí mo dé ìlà tó sọ pé "Àkọ́rú dé, ìrètí mi padà wọlé", mo dúró. Kí ló ń jẹ́ àkọ́rú? Wọ́n ṣàlàyé nísàlẹ̀ pé àwọn ló ṣẹ̀dá ẹ̀ fún sáà tí Òyìnbó ń pè ní spring, pé àkọ́rọ̀ òjò làwọn wò ṣe é, pé "ìgbà ìrúwé" tá a ti ń lò tẹ́lẹ̀ ti gbó, ó sì gùn jù fún ewì. Àwọn èèyàn ti ń pàtẹ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, èmi ò lè bá wọn pàtẹ́wọ́, torí ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí rú. Rú tẹ́ ẹ rí yìí kì í dá rìn. Tó bá ti dá dúró, wàhálà ló ń jẹ́. Ìlú rú. Omi rú. Ọ̀rọ̀ náà rú mi lójú. Ẹ lọ sí Bẹẹrẹ ní Ìbàdàn kẹ́ ẹ sọ fún ìyá tó ń ta ẹ̀fọ́ pé "igi rú", wọ́n á máa wò yín lẹ́nu ni, wọ́n ń dúró kẹ́ ẹ parí ọ̀rọ̀ yín. Rú kí ni? Ewé ló sọ rú di ohun ayọ̀: rúwé. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì, iṣẹ́ tí Àjàyí Crowther jẹ́ aṣáájú ẹ̀ tí odindi ẹ̀ jáde ní 1884, nígbà tí wọ́n dé ibi ọ̀pá Áárónì, wọn ò sọ pé ọ̀pá náà rú, wọ́n ní ó rúdi. Wọ́n mọ̀ pé tí wọ́n bá fi rú sílẹ̀ lásán, ìjà ló máa dà. Torí náà tí mo bá tú àkọ́rú palẹ̀ bí ọmọ Yorùbá ṣe máa gbọ́ ọ, ìdàrúdàpọ̀ àkọ́kọ́ ni. Ẹ fẹ́ sọ fún wa pé ìrètí dé, ẹ wá ń ké sí wa pé rògbòdìyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Àǹtí wa kan dáhùn pé àwọn èèyàn máa ń sọ pé "ewé ti rú", pé ṣé rú ò dá dúró níbẹ̀ ni. Rárá o, Àǹtí. Ewé ṣì wà ńbẹ̀, ó kàn bọ́ síwájú ni. Àkọ́rú ò ní ewé níwájú, kò ní lẹ́yìn.

Ó tún ku àkọ́, ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti wúwo. Àkọ́ kì í ṣe orúkọ odindi sáà. Àkọ́rọ̀ òjò, òjò tó kọ́kọ́ rọ̀ ni, ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì, tí èyí tó tẹ̀ lé e bá ti rọ̀, kò sẹ́ni tó ń pè é ní àkọ́rọ̀ mọ́. Àkọ́so, èso tẹ́ ẹ kọ́kọ́ já ni, ìyókù tó kún agbọ̀n kì í ṣe àkọ́so. Àkọ́bí ò sì ṣeé bí lẹ́ẹ̀mejì. Sáà tẹ́ ẹ ń sọ yìí, oṣù mẹ́ta gbáko ni. Èyí tó burú jù nínú ẹ̀ ni pé kì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ tí igi yẹn máa léwé. Ó ti léwé rí, ewé ọ̀hún wọ́ dànù, àwọn èèyàn ń kọjá lábẹ́ ẹ̀ wọ́n rò pé ó ti kú, ó wá tún rú òmíràn. Ibẹ̀ ni gbogbo ìtùnú ewì yín wà, ẹ̀yin gan-an lẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ẹ wá fi àkọ́ pa á rẹ́. Ìwé Jóòbù orí 14 ní ìrètí wà fún igi tí wọ́n gé lulẹ̀ pé ó tún lè sọ. Ó TÚN lè sọ. Àwọn ará Ìránì ń ṣọdún tuntun wọn ní nǹkan bí ọjọ́ 20 oṣù Kẹta, ọjọ́ tí ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn dọ́gba, Nowruz ni wọ́n ń pè é, ìyẹn ọjọ́ tuntun. Tuntun ni wọ́n pè é o, wọn ò pè é ní àkọ́kọ́.

Àwa ará Ìbàdàn ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ èyí jù. Ìlú tá à ń gbé yìí, ìtàn àwọn baba wa sọ pé kì í ṣe Ìbàdàn àkọ́kọ́. Wọ́n ti pa á run rí nígbà ayé Lágelú tó tẹ̀ ẹ́ dó, àwọn tó ṣẹ́ kù sá gun orí òkè, wọ́n ń jẹ òro, wọ́n ń jẹ ìgbín, oríkì wa ò sì fi bò: ọmọ ajòro sùn, ọmọ ajẹ̀gbín yó. Lẹ́yìn ìgbà yẹn náà, ní nǹkan bí 1829, àwọn ọmọ ogun Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú àti Ọ̀yọ́ tún wá tẹ̀dó síbí. Tí ọdún Òkèbàdàn bá dé lóṣù Kẹta, àwọn tó jàjà bọ́ tí wọ́n tún gbérí là ń rántí. Kí lẹ fẹ́ pe irú ìyẹn, àkọ́dìde?

Ẹnì kan ní èmi tí mi ò gbé ìlú òtútù rí, kí ni mo mọ̀ nípa sáà wọn. Ọ̀rọ̀ òtútù kọ́ ni mò ń sọ, èdè ni, igi sì ń wọ́wé níbí náà. Ẹ gba ọ̀nà Mọ́níyà lóṣù Kejì, kẹ́ ẹ wo ìrókò àti àràbà. Ilẹ̀ gbẹ táútáú, eruku ọyẹ́ ṣì wà lórí páànù, òjò ò tíì kán, ìrókò tó ti dúró níhòòhò láti ọjọ́ yìí wá ti ń yọ ọ̀mùnú ní ṣóńṣó ẹ̀ka. Ewé ọ̀hún á kọ́kọ́ rọ̀, kò ní tíì dúdú, òòrùn á máa là á kọjá. Ẹ wá wo máńgòrò lágbàlá yín, ewé tuntun ẹ̀ kì í bá àwọ̀ ewé jáde rárá, pupa rẹ́súrẹ́sú ló ń bá jáde, á so rọ̀ sísàlẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde lórí àìsàn, ó máa tó ọjọ́ mélòó kan kó tó le kó tó wá di aláwọ̀ ewé. Bàbá tó bí bàbá mi, ọdẹ ni wọ́n, oko wọn wà lọ́nà Ìjàyè, wọn ò ní kàlẹ́ńdà nínú ilé. Tí wọ́n bá ti lọ sígbó tí wọ́n dé, wọ́n á ní "ìrókò ti rúwé, ẹ pọ́n àdá yín". Òjò ò tíì rọ̀ nígbà yẹn o! Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní gbà fún àwọn tó fẹ́ ká kúkú máa pe sáà náà ní àkọ́rọ̀. Igi kan wà tí kì í dúró de òjò kó tó rúwé. Ọ̀rọ̀ ìrètí lẹ sọ pé ẹ̀ ń kọ, ẹ wo ibi tó wà.

Ní ti Toronto, ìmọ́lẹ̀ àti ooru ló ń jí igi wọn. Lóṣù Kejìlá, ojúmọmọ wọn ò ju nǹkan bíi wákàtí 9 lọ, tó bá fi máa di oṣù Kẹfà á ti lé ní 15. Ní Ìbàdàn, láàárín ọjọ́ tó gùn jù àti èyí tó kúrú jù lọ́dún, ìyàtọ̀ ẹ̀ ò tó wákàtí kan. Nǹkan tiwọn yàtọ̀ sí tiwa, mo gbà, àmọ́ ohun tójú ń rí lára igi kò yàtọ̀, ohun tójú rí yẹn ni Yorùbá sọ lórúkọ. Ẹ ní ewé ò tíì yọ ní Toronto lóṣù Kẹta tí sáà náà bẹ̀rẹ̀, pé ó máa ń di ìparí oṣù Kẹrin tàbí oṣù Karùn-ún. Ó dáa. Ẹ̀rùn náà máa ń wọlé kí koríko tó gbẹ tán, a ò torí ẹ̀ wá orúkọ míì fún un.

Ẹ sì rántí ìkejì ẹ̀. Sáà tí ewé ń jábọ́, ìwọ́wé là ń pè é. Ìwọ́wé, ìrúwé. Ì tó bẹ̀rẹ̀ wọn ò yàtọ̀, ewé ò yàtọ̀, ọ̀rọ̀ ìṣe àárín nìkan ló pààrọ̀, ọmọ ọdún márùn-ún tó bá gbọ́ ọ̀kan á mọ èkejì. Tẹ́ ẹ bá gbé àkọ́rú wá, kí ni ìwọ́wé á máa jẹ́, àkẹ́yìnwọ́?

Èyí tí wọ́n ní ó gùn jù ni kò yé mi rárá. Ẹ ka sílébù ẹ̀. Ì-rú-wé, mẹ́ta. À-kọ́-rú, mẹ́ta. Ibo ni gígùn ọ̀hún wà? Kò pọn dandan kí "ìgbà" wà níwájú ẹ̀ nínú ewì. Ẹ wo ìlà yín tó bá jẹ́ pé "Ìrúwé dé, ìrètí mi padà wọlé" lẹ kọ, wé àti dé ń dáhùn ara wọn, lé tó wà nínú wọlé wá gbè é lẹ́yìn. Èmi náà gbìyànjú ẹ̀ lálẹ́ àná:

Ìwọ́wé ti rèkọjá, ìrúwé ti wọlé dé,
Igi tó ṣòfò ewé ti tún daṣọ bora.
Ọ̀mùnú yọ lórí ẹ̀ka tá a pè ní gbígbẹ,
Ẹyẹ tó ṣí lọ ti padà wá kọ́ ìtẹ́.

Ẹ fi àkọ́rú síbẹ̀ kẹ́ ẹ kà á sókè.

Ẹnì kan tún fa orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé, onímọ̀ èdè, wọlé, pé àwọn tó ṣe èdè ìperí, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ tá a fi ń kọ́ ìmọ̀ ní Yorùbá, ló kọ́ wa pé ká máa ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀. Òótọ́ ni pé wọ́n ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ púpọ̀, àmọ́ ohun tí kò lórúkọ ni wọ́n ń wá orúkọ fún. Ìrúwé ti lórúkọ. Tó bá jẹ́ agbára lẹ fẹ́ lò, ẹ wá bá wa lé "orísun omi" lọ, èyí tí ẹ̀rọ ògbufọ̀ ti fọ́n káàkiri íńtánẹ́ẹ̀tì, tí èèyàn á máa ka ewì lórí òdòdó tó ń tanná, á wá bá a pé "nígbà orísun omi", bíi pé ìdí odò la wà. Ọ̀rọ̀ yẹn ń bí mi nínú ju àkọ́rú lọ, ìyẹn kò tiẹ̀ lẹ́nu tó sọ ọ́. Tiyín, ó kéré tán, ẹ jókòó rò ó, ìfẹ́ èdè ló sì mú yín ṣe é, mo mọ̀.



Ẹ̀yin ará Òkè-Ògùn àti Ìbàràpá tẹ́ ẹ wà níbí, mo fẹ́ bi yín: kí lẹ ń pe ewé ìrókò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, nígbà tí kò tíì dúdú? Bàbá wa ní orúkọ kan tí wọ́n máa ń pè é, mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíì rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àmì ohùn sí i tẹ́ ẹ bá ń kọ ọ́.