Rédíò onífááfù bàbá wa ń hùn, fááfù kan sì ń pọ́n, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ọmọ Bódìjà
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Wàhálà rédíò ni mo gbé wá. Onífááfù ni o (àwọn ìgò kéékèèké tó máa ń tàn nínú rédíò àtijọ́), kì í ṣe tiransísítọ̀, onígi gbàǹgbà, Jámánì ni wọ́n ti ṣe é, ó ní ojú aláwọ̀ ewé kan níwájú tó máa ń pàdé téèyàn bá ti mú stéṣọ̀n dáadáa. Ti bàbá ìyá mi ni, inú àjà ló wà látìgbà tí bàbá ti kú, ẹ̀gbọ́n màámi ló ní kí n wá gbé e torí wọ́n fẹ́ tún òrùlé ṣe. Mo nu eruku ẹ̀, mo ki pílọ́ọ̀gì ẹ̀ bọ iná, àwọn fááfù tàn, inú mi dùn. Àmọ́ ó ń hùn hùùùù, kódà téèyàn bá yí fọ́lúùmù wálẹ̀ pátá kì í dákẹ́, ohùn tó ń tibẹ̀ jáde dà bíi ti ẹni tí ọ̀fìnkìn ń bá jà, tó bá wá pẹ́ díẹ̀ ó tún ń burú sí i, ọ̀kan nínú àwọn fááfù náà (EL84 ni wọ́n kọ sí i lára) á wá pọ́n wàì, kì í ṣe iná kékeré tó máa ń wà nínú wọn ni mò ń sọ o, páànù inú ẹ̀ gan-an ló ń pọ́n. Mo bá paá.

Rédíóníìkì àdúgbò wa wò ó títí, ó ní fááfù ti kú, kò sí i lọ́jà mọ́, kí n jẹ́ kóun kó gbogbo inú ẹ̀ dànù kóun fi pánẹ́ẹ̀lì Bluetooth sí i. Ọkàn mi ò gbà á. Kí lẹ rí sí i?

Bàbá Sódà
Yọ ọ́ níná ná, má tàn án mọ́. Rédíóníìkì yẹn, ṣó tiẹ̀ fi mítà tí wọ́n fi ń wọn iná kàn án? Fááfù tó ti kú kì í pọ́n, ńṣe ló máa ń tutù. Kapásítọ̀, nǹkan kékeré tó máa ń gba iná pa mọ́ sínú, ló ń dà ẹ́ láàmú. Kékeré kan wà láàárín EL84 yẹn àti fááfù tó ṣáájú ẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀ ni pé kó jẹ́ kí ohùn kọjá kó má jẹ̀ẹ́ kí iná DC (irú iná bátìrì) kọjá. Bébà ni wọ́n fi ń ṣe inú ẹ̀ nígbà yẹn, tó bá ti pẹ́ ọ̀rinrin á wọ̀ ọ́, á wá máa jò, iná tí kò yẹ kó dé ẹsẹ̀ kejì EL84 á débẹ̀, fááfù á máa fa iná ju agbára ẹ̀ lọ, òun ló fi ń pọ́n tí ohùn fi ń fọ́, tóo bá sì ń tàn án lọ bẹ́ẹ̀ á sun tiransifọ́ọ̀mà sípíkà, ìyẹn gan-an ló máa ń dunni. Hùùù yẹn, kapásítọ̀ ńlá inú agolo ni, 50+50 ló sábà máa ń jẹ́, ó ti gbẹ. Má ju agolo náà nù o, ó lẹ́wà níbẹ̀, já wáyà ara ẹ̀ kóo fi 47 µF onívolt 450 méjì sábẹ́ níbi tójú ò ti ní tó o.

Adékòyà Ṣeré
Ẹ tà á fún mi jàre 😂

Ọmọ Bódìjà
Kò sí títà o. Bàbá Sódà ẹ ṣé gan-an ni sà. Mo ní mítà, mo sì mọ sódà jó díẹ̀, ṣájà ni mo máa ń tún ṣe. Ṣùgbọ́n báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé kapásítọ̀ ni lóòótọ́?

Bàbá Sódà
Fi kílíìpù mú wáyà dúdú mítà mọ́ ṣáásì, ìyẹn páànù irin tí wọ́n to gbogbo inú ẹ̀ lé, kóo wá fi pupa kan ẹsẹ̀ kejì EL84 nígbà tó bá wà nínú iná. Odo ló yẹ kóo rí, tàbí kó fì sápá máínọ́ọ̀sì díẹ̀. Tóo bá rí volt pọ́lọ́ọ̀sì, pa á, tú ẹsẹ̀ kan kapásítọ̀ yẹn sílẹ̀, tún tàn án wò. Tí volt ọ̀hún bá lọ, o ti mú olè nìyẹn. Tí kò bá lọ, a jẹ́ pé fááfù fúnra ẹ̀ ni. Ọmọ mi, 250 volt ló wà nínú nǹkan yẹn, ó sì lè wà nínú kapásítọ̀ ńlá lẹ́yìn tóo ti yọ ọ́ níná, fi rẹsísítọ̀ fa á jáde kóo tó fọwọ́ kàn án, kóo sì ki ọwọ́ òsì bọ àpò tóo bá ń wọ̀n ọ́n.

Ìyá Ìbejì Peckham
Ta ló ní kò sí EL84 mọ́? Wọ́n ṣì ń ṣe é ní Rọ́ṣíà àti Slovakia dòní, àwọn onígìtá ló ń rà á. Àbúrò, kóo tó tún tàn án, wá gílóòbù àtijọ́ 60W, èyí tó máa ń gbóná, kì í ṣe LED, kóo gba iná inú ẹ̀ kọjá lọ sínú rédíò. Tí nǹkan bá ti ṣẹ́ẹ̀tì, gílóòbù yẹn ló máa tàn gbòò, rédíò ẹ ò ní jó. Yẹ ẹ̀yìn ẹ̀ wò náà, ibi tí wọ́n ti ń yan volt, àwọn mìíràn ṣì wà lójú 125, 240 ni kóo yí i sí.

Aláago Ògùnpa
Ẹ má bá rédíóníìkì yẹn wí o, pánẹ́ẹ̀lì ni wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ìsinsìnyí, ibo ló ti máa rí fááfù? Ṣùgbọ́n Bluetooth tó ń wí yẹn ò gba kí wọ́n tú nǹkan kan. Wo ẹ̀yìn rédíò, wàá rí ihò tí wọ́n kọ TA sí, gírámófóònù ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ nígbà yẹn, fóònù ẹ náà á ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Kìkì pé kóo kọ́kọ́ ka orúkọ àwọn fááfù ẹ̀. Tí wọ́n bá fi U bẹ̀rẹ̀, bíi UCL82, iná NEPA lè wà lára ṣáásì tààrà, má so fóònù mọ́ ọn láé. Tó bá jẹ́ E, ṣì fi mítà wọn pílọ́ọ̀gì sí ṣáásì, wọn ò gbọ́dọ̀ fara kanra.

Ọmọ Bódìjà
Ẹ̀yin ará mi! Pọ́lọ́ọ̀sì 14 ni mo rí ní ẹsẹ̀ kejì, mo tú kapásítọ̀ ó di odo. Àbúrò mi bá mi ra 0.01 µF onívolt 630 ní Alaba, mo jó o mọ́ ọn, EL84 ò pọ́n mọ́, ohùn ti já geere, mo sì ti fi méjì yẹn sábẹ́ agolo, hùùù ti lọ. Ó ku ẹyọ kan. FM ẹ̀ ń mú Amúlùdùn 99.1 dáadáa àmọ́ kò mú Splash rárá, ṣé fááfù mìíràn ni?

Ìyá Ìbejì Peckham
Kò sóhun tó ṣe é. Ka nọ́ńbà ojú díálì ẹ̀, 100 ni ọ̀pọ̀ FM Jámánì ìgbà yẹn ti máa ń parí, 105.5 ni Splash wà. Má yí kọ́ìlì inú ẹ̀ (wáyà wíwé tí wọ́n fi ń mú stéṣọ̀n) nítorí ìyẹn o, kì fóònù bọ TA kóo gbọ́ Splash látorí íntánẹ́ẹ̀tì.