“Dá sílẹ̀”, “òmìnira”, “ẹ̀tọ́ ìdìbò”: èwo ni ká lò níbo?

Ọmọ Àjàṣẹ́-Ìpo:
Ẹ̀yin àgbà, ẹ kú iṣẹ́ o. Ìwé kékeré kan lórí ìtàn ìdìbò ní Kwárà ni mò ń túmọ̀ fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ enfranchise ló dá mi dúró. Ìwé atúmọ̀ èdè ní ó lè jẹ́ kí wọ́n sọ ẹrú di òmìnira, ó sì lè jẹ́ kí wọ́n fún èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti dìbò. Mo wá kọ ọ́ báyìí: “Ní 1976, ìjọba dá àwọn obìnrin Àríwá sílẹ̀ láti dìbò.” Ẹni tó bá mi kà á ní ṣé ẹ̀wọ̀n ni wọ́n wà tẹ́lẹ̀ ni. Kí ni kí n kọ?

Ògbufọ̀ Ọ̀fà:
Òótọ́ lẹni yẹn sọ. Ẹni tó wà lábẹ́ ìdè la máa ń dá sílẹ̀. Wàhálà kejì ni pé ọ̀rọ̀ yìí kan náà la fi ń sọ pé a bẹ̀rẹ̀ nǹkan: wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Kwárà sílẹ̀ ní 1967, wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà la ṣì ń sọ pé wọ́n dá ẹlẹ́wọ̀n sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ má fi “ìdásílẹ̀” nìkan ṣe àkọlé láé. Tó bá jẹ́ ti ẹrú, ẹ kọ “dá sílẹ̀ lóko ẹrú”, kó yé èèyàn.

“Òmìnira” náà kò lè ṣiṣẹ́ níbí. October 1, 1960 ni Nàìjíríà gbòmìnira. Nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1959, obìnrin Ìkìrun lè dìbò, torí abẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni Ìkìrun wà. Obìnrin Ọ̀fà tí kò jìnnà sí i kò lè dìbò, torí abẹ́ Ẹkùn Àríwá ni wọ́n pín Ọ̀fà àti Ìlọrin sí, ọkùnrin nìkan ló sì ń dìbò níbẹ̀. Yorùbá kan náà, ààlà ìjọba ló pín wọn níyà. Òmìnira dé, ẹ̀tọ́ ìdìbò kò bá a dé. Ó di 1976 kí wọ́n tó fún àwọn obìnrin Àríwá ní ẹ̀tọ́ náà, wọ́n sì lò ó nínú ìdìbò gbogbogbòò ti 1979. Ọdún 16 ló wà láàárín òmìnira àti ẹ̀tọ́ ìdìbò yẹn. Ẹ bá fi ọ̀rọ̀ kan pe méjèèjì, ọdún 16 yẹn ti pòórá nìyẹn, ó sì dùn mí gan-an pé ọ̀pọ̀ ìwé ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọmọ Alfa Ìlọrin:
Mo fara mọ́ ọn, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹrú gan-an kì í ṣe “dá sílẹ̀” nìkan. Bí olówó ẹrú bá yọ̀ǹda ẹrú rẹ̀ fúnra rẹ̀, ó tú u sílẹ̀ ni. Ohun tí ẹ ó gbọ́ nínú wáàsí lórí ìtánràn ìbúra, ìyẹn ohun tí ẹni tó búra tí kò mú un ṣẹ gbọ́dọ̀ ṣe, nìyẹn: kí èèyàn bọ́ tálákà mẹ́wàá, tàbí kó wọ̀ wọ́n láṣọ, tàbí kó tú ẹrú kan sílẹ̀, ẹni tí kò bá ní agbára rẹ̀, kó gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Bí owó bá wọ̀ ọ́, ìràpadà ni. Òfin tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe fún Àríwá ní 1901 ní òmìnira ni ọmọ tí wọ́n bá bí láti April 1 ọdún náà lọ. Kò dá àwọn tó ti wà lóko ẹrú sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà; ọ̀pọ̀ wọn ló ra ara wọn padà. Ẹ rí i pé òmìnira ń pe èèyàn fúnra rẹ̀ níbí, bíi ti inú Bíbélì: “ẹrú tàbí òmìnira”.

Ìwọ̀fà ni wọ́n máa ń ṣì jù. Ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Owó ni wọ́n yá. Iṣẹ́ tó ń ṣe lóko olówó, èlé ni, kì í dín owó náà kù. Ọjọ́ tí wọ́n bá san owó náà pé, ó kúrò. Ẹ má kọ ọ́ pé wọ́n “sọ ọ́ di òmìnira”, torí òmìnira ni tẹ́lẹ̀.

Ìyá Òmù-Àrán:
Ọmọ mi, “fún ní ẹ̀tọ́ ìdìbò” ni kí o kọ. Má kọ “fún láàyè”. Ààyè lè jẹ́ ti ọjọ́ kan, ẹni tó fúnni sì lè gbà á padà. Má kọ “àǹfààní”, kó má dà bí ìtọrẹ. Abala 77 ìwé òfin 1999 ní ọmọ Nàìjíríà tó ti pé ọdún 18, tó ń gbé ní Nàìjíríà lásìkò ìforúkọsílẹ̀, lẹ́tọ̀ọ́ kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Ya ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́, ẹni tó forúkọ sílẹ̀ àti ẹni tó dìbò sọ́tọ̀. Bí o bá pe gbogbo wọn ní “olùdìbò”, iye tó wà nínú ìwé rẹ kò ní bára mu. Ẹni tí káàdì rẹ̀ sọnù ṣì ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Káàdì ló sọnù.

Tún ṣọ́ òdìkejì rẹ̀, ìyẹn kí èèyàn má ní ẹ̀tọ́ ìdìbò. Ẹni tó ti ní i rí ni wọ́n lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ti àwọn ìyá wa, wọ́n fi dù wọ́n ni.

Ọmọ Àjàṣẹ́-Ìpo:
Ẹ ṣeun, mà. Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Ṣé èyí dára? “Ní 1976, ìjọba ológun fún àwọn obìnrin Ẹkùn Àríwá ní ẹ̀tọ́ ìdìbò tí wọ́n ti fi dù wọ́n.”

Ògbufọ̀ Ọ̀fà:
Ó kù díẹ̀. Kò sí Ẹkùn Àríwá mọ́ ní 1976. Wọ́n ti pín in sí ìpínlẹ̀ láti 1967. Ẹ kọ “àwọn obìnrin ìpínlẹ̀ Àríwá, títí kan Kwárà”.