Oògùn dókítà wà nínú báàgì mi, wòlíì ní n ò gbọdọ̀ lò ó. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

(Ẹni tó ni ìbéèrè yìí ní kí n bá òun bo orúkọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra dá a lóhùn. Èmi Ádímìn.)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin màmá àti ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Télọ̀ ni mí, Ìgbọ̀nà níbí nílùú Òṣogbo ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Ọmọ mi pé oṣù mẹ́rin lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmọ jẹ́jẹ́ ni, kì í yọ èèyàn lẹ́nu. Èmi ni mo ń yọ ara mi lẹ́nu.

Láti bí ọ̀sẹ̀ kẹta tí mo ti bímọ ni nǹkan kan ti wọ̀ mí lára tí n kò mọ orúkọ rẹ̀. Mo lè jókòó síwájú maṣíìnì láti àárọ̀ títí wọ́n á fi pe ìrun ọ̀sán ní mọ́sálásí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, kí n má tíì ran ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan tán. Ọmọ sùn, èmi ò sùn. Ọmọ ń ké, èmi náà ń ké. Akọrin ni mí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí, mo kàn ń la ẹnu ni, ohùn ò jáde. Àdúrà gan-an wá di nǹkan míì. Bí mo bá kúnlẹ̀, ó dà bíi kí èèyàn máa kan ilẹ̀kùn ilé tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti kó lọ.

Àbúrò ọkọ mi ló mú mi lọ sí ọsibítù. Dókítà bi mí léèrè títí, ó ní àárẹ̀ ọkàn tó máa ń mú obìnrin lẹ́yìn ìbímọ ni, ó kọ oògùn fún mi, mo rà á. Kí n tó lo ẹyọ kan, ìyá ọkọ mi ti mú mi dé ọ̀dọ̀ wòlíì. Wòlíì ní ogun ìdílé ni. Ó ní kí n wá sórí òkè fún ọjọ́ méje, ààwẹ̀ gbígbẹ. Pẹ̀lú ọmú lẹ́nu ọmọ! Ó ní bí mo bá lo oògùn yẹn, mo ti sọ fún Ọlọ́run pé agbára rẹ̀ ò tó nìyẹn.

Ọjọ́ kọkànlá rèé tí oògùn ti wà nínú báàgì mi. Ṣé bí mo bá lò ó, mo ti sẹ́ Jésù ni? Ẹ má sọ fún mi pé kí n mọ́kàn le o. Gbogbo èèyàn ló ti sọ ìyẹn.

Màmá Ayétòrò: Ọmọ mi, o kú ewu ọmọ. Nígbà tí Èlíjà sùn sábẹ́ igi, tó ní kí Ọlọ́run gba ẹ̀mí òun, áńgẹ́lì tó wá bá a ò bi í léèrè ìgbàgbọ́ rẹ̀. Àkàrà ló gbé fún un, pẹ̀lú omi. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn, áńgẹ́lì tún jí i pé kó tún jẹun. Ta ló ń se oúnjẹ fún ọ nílé? Fi ibi tí o ń gbé ránṣẹ́ sí mi ní kọ̀rọ̀. Màá gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wá láàárọ̀ ọ̀la.

Ajíhìnrere: Màmá, ẹ má fi oúnjẹ tàn án o. Èlíjà yìí kan náà ló fi ogójì ọjọ́ rìn lẹ́yìn náà láìjẹun. Ogun ń bẹ nílẹ̀ Yorùbá, ẹ jẹ́ ká yé ṣe bí òyìnbó. Àpọ́sítélì Babalọlá kò gbẹ́kẹ̀ lé oògùn. Omi àti àdúrà ni, aláìsàn sì ń dìde.

Màmá Ayétòrò: Lẹ́yìn oúnjẹ ẹ̀ẹ̀mejì àti oorun ẹ̀ẹ̀mejì ló tó rìn ín, ọmọ mi.

Tíṣà Àná: Ajíhìnrere, ọmọ CAC, ìjọ Àpọ́sítélì Babalọlá yẹn gan-an, ni mí, inú rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí. Ìtàn ìsọjí Òkè-Oòyè ní Iléṣà lọ́dún 1930 ni wọ́n fi ń rẹ̀ wá sùn. Mo sì mọ̀ pé nígbà tí àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó ń lo kùníìnì, inú bí àwọn àgbà wa, ọ̀rọ̀ yẹn wà lára ohun tó pín wọn níyà. Ṣùgbọ́n kí ni kùníìnì ń wò? Ibà. Bí ibà bá mú èmi àti ẹ̀yin lónìí, kẹ́mísìtì là ń sáré lọ. A ó gbàdúrà lé oògùn náà, a ó gbé e mì, a ó sì wá jẹ́rìí lọ́jọ́ Ìsinmi pé Olúwa wò wá sàn. Ẹnikẹ́ni ò ní pè wá ní aláìgbàgbọ́. Àìsàn tó bá ti gba ọpọlọ wọlé nìkan la ṣì ń tọ́jú pamọ́ fún ogun ìdílé. Ṣé ọpọlọ kì í ṣe ara ni?

Nọ́ọ̀sì Òkè-Fìà: Ẹ ṣé, sà. Àǹtí, ẹkún àti ìrònú tó bá lọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn ìbímọ, ara ló ń padà bọ̀ sípò. Tiyín ti kọjá oṣù mẹ́ta. Ẹ padà sọ́dọ̀ dókítà yẹn, ẹ sọ fún un pé ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ sì rán an létí pé ẹ ń fún ọmọ lọ́mú, torí oògùn wà tí ìyá ọlọ́mọ lè lò. Kì í ṣiṣẹ́ bíi ti ẹ̀fọ́rí o. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó hàn, ẹ má sì dá a dúró fúnra yín bí ara bá ti yá díẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ dókítà míì, wọ́n wà ní UNIOSUN Teaching Hospital níbí, èyí táwa ará ìlú ṣì ń pè ní LAUTECH. Kò dìgbà tí wọ́n bá gbé èèyàn lọ sí Arò, ọsibítù ọpọlọ tó wà ní Abẹ́òkúta.

Ìbéèrè kan: ṣé ó ti wá sí yín lọ́kàn rí láti pa ara yín tàbí ọmọ lára? Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má dá wà lálẹ́ yìí. Kí ẹnì kan bá yín lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀.

Bọ̀dá Òkè-Báálẹ̀: Ọkùnrin ni mí, ó sì mú mi rí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́ tí mo lo oògùn, mo rò pé wọ́n ń jẹ mí lówó ni. Ní ti àdúrà tẹ́ ẹ ní ẹ ò lè gbà, ẹ ka Sáàmù 88. Ẹkún ló fi bẹ̀rẹ̀, òkùnkùn ló fi parí, kò yí padà sí ìyìn rárá. Wọ́n sì fi í sínú Bíbélì bẹ́ẹ̀. Ẹ tún wo arọ tí èèyàn mẹ́rin dá òrùlé lu nítorí rẹ̀ nínú Máàkù orí kejì. Ìgbàgbọ́ “wọn” ni Jésù rí. Arọ ò sọ gbólóhùn kan. Bọ̀dá méjì láti ṣọ́ọ̀ṣì wa ń wá sílé mi ní gbogbo Ọjọ́rú nígbà yẹn. Wọ́n á gbàdúrà, èmi á dojú kọ ògiri. Mo máa ń ṣe àmín nígbà míì. Ìgbà míì, n kì í ṣe é.

Ajíhìnrere: Èmi ò ní kó má lọ sí ọsibítù o. Kó ṣáà má fi àdúrà sílẹ̀.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣé gan-an ni. Nọ́ọ̀sì, ìbéèrè yín tó gbẹ̀yìn, màá dá a lóhùn ní kọ̀rọ̀.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Fìà: Mo ti ń pè yín. Ẹ gbé e.

(Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án)

Ẹni tó béèrè: Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an la dé ọsibítù, ọkọ mi ló gbé mi. Wọ́n yí oògùn náà padà nítorí ọmú, mo sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹnu mi ń gbẹ, n ò tíì rí ìyàtọ̀ kan gbòógì, àfi pé mo sun oorun wákàtí mẹ́rin lánàá. Ìyá ọkọ mi ò tíì bá mi sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mi ò bá wọn kọrin, mo jókòó sẹ́yìn, àbúrò ọkọ mi di ọwọ́ mi mú, ó ń gbàdúrà sínú.

Màmá Ayétòrò, abọ́ yín méjì ṣì wà lọ́dọ̀ mi o. Mi ò ní fi ránṣẹ́. Ẹ wá gbà á fúnra yín.