Kí ló dé tí Dragon fi pẹ́ tó báyẹn lọ́nà?

Àlàní_IB: Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ń tún fídíò Crew Dragon wò, ọkọ̀ SpaceX tó gbé àwọn arìnrìn-àjò òfurufú méjì, Bob Behnken àti Doug Hurley. 30 May 2020 ni wọ́n gbéra ní Florida, aago mẹ́jọ kọjá lálẹ́ tiwa, àmọ́ ọ̀sán ọjọ́ kejì ni wọ́n tó dé Space Station, ilé táwọn èèyàn ń gbé lókè òfurufú, bíi wákàtí 19 o! Ṣebí kìlómítà 400 péré ni ibẹ̀ sílẹ̀, kò tiẹ̀ tó Èkó sí Àbújá, kí ni wọ́n ń ṣe lọ́nà?

Ṣọlá: Ẹ̀gbọ́n, gíga kọ́ ni wàhálà, eré ni. Ilé yẹn ń sá bíi kìlómítà 28,000 ní wákàtí kan, ìṣẹ́jú bíi 90 ló fi ń yí ayé po, ọkọ̀ á wá kọ́kọ́ wà nísàlẹ̀ ẹ̀ torí ẹni tó wà nísàlẹ̀ ló ń tètè yí po, á máa lé e bọ̀, á máa gòkè díẹ̀díẹ̀.

Bàbá_Ìbejì: Kì í ṣe gbogbo ìgbà ló ń pẹ́ ṣá. Ọkọ̀ Soyuz àwọn Rọ́ṣíà fi bíi wákàtí mẹ́ta débẹ̀ ní October ọdún yẹn.

Títí_Òkè: Èmi o, dáínósọ̀ ìṣeré tó ń dán yinrinyinrin nínú fídíò yẹn ni mò ń wò ní tèmi 😂 bó ṣe ń léfòó kiri inú ọkọ̀!

Àlàní_IB: Hahaha. Ọkọ̀ àti Space Station so pọ̀ tán, kí ló dé tí wọn ò tètè ṣílẹ̀kùn?

Ṣọlá: Wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá afẹ́fẹ́ ń jò ni, ó lé ní wákàtí méjì. Ta ló fẹ́ kánjú ṣe ìyẹn?